Mo ti jápa dé Jàpáànù, wọ́n ní kí n lọ gbẹ́ òǹtẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

AráMọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà ní Jàpáànù. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo dé láti Ìbàdàn. Kawaguchi ní Saitama ni mo ń gbé, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà kan ló gbà mí síṣẹ́. Kí n tó kúrò nílé, ohun tí mò ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ni pé ọdún 2050 ni mò ń lọ. Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, a lọ jẹun, róbọ́ọ̀tì tó ní etí ológbò ló gbé ìrẹsì mi wá, ó ń kọrin bọ̀. Mo ní, àbí ẹ ò rí nǹkan!

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, obìnrin tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ní kí n lọ gbẹ́ òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ o, bíi ti ààfin. Ó tún kó fọ́ọ̀mù mọ́kànlá fún mi, bébà ni gbogbo ẹ̀, adírẹ́sì kan náà ni mo kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo wá bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ṣí àkáǹtì bánkì. Orúkọ mi, Olúwadámiláre, wọ́n ní ó ti gùn jù. Mo kọ ọ́ ní katakana, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwa àlejò, bí wọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́, ó ní àṣìṣe wà. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, àṣìṣe ṣì ni. Kò sì sọ irú àṣìṣe tó jẹ́. Bánkì ń bèèrè nọ́ńbà fóònù, àwọn tó ń ta síìmù ń bèèrè àkáǹtì bánkì. Lóru àná, fóònù ọ́fíìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi dédé figbe ta, mo ti fò dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí pé mi ò wọ ṣòkòtò. Ìwé kan láti ọ̀dọ̀ NHK, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè wọn, tún wà nínú àpótí lẹ́tà mi, owó ni wọ́n ń bèèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáÌbejì_Urawa

Àbúrò mi, kú ewu ọ̀nà. Ọdún kejìdínlógún mi rèé níbí, mo ti sunkún lórí fọ́ọ̀mù tán. Ti orúkọ ni kó o kọ́kọ́ mójú tó, torí ibẹ̀ ni wàhálà yòókù ti ń tú jáde.

Orúkọ tó wà lára káàdì ìgbélùú tí wọ́n fún ẹ ní pápákọ̀ òfuurufú, zairyū kādo, bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù ló ṣe wà ńbẹ̀: lẹ́tà ńlá, orúkọ bàbá ló ṣáájú, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. (Má fi káàdì yẹn sílẹ̀ nílé láé, bó o tiẹ̀ fẹ́ lọ ra omi lásán. Ìtanràn rẹ̀ lè tó 200,000 yen.) Àmọ́ katakana ni àwọn kọ̀ǹpútà bánkì àti ti ọsibítù fi ń mọ èèyàn, akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń kọ ọ́ bí etí rẹ̀ bá ṣe gbọ́ ọ.

Wo tèmi. Ṣèyí ni mò ń jẹ́. Wọ́n yọ àmì abẹ́ S kúrò nínú pásípọ́ọ̀tù, ó di Seyi, ọsibítù wò ó, wọ́n kọ ọ́ sí セイ (Sei). Bánkì ní tiwọn gbọ́ ọ dáadáa lẹ́nu mi, wọ́n kọ ọ́ sí シェイ (Shei). Ó ṣe díẹ̀, owó kan tó yẹ kó padà wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìtọ́jú ò wọ àkáǹtì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń lọ, tí mo fi ń bọ̀. Ẹ̀rọ ní Sei kì í ṣe Shei. Mo ní èmi kan náà ni. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà tẹrí ba, ó bẹ̀ mí, ó tún tẹrí ba, ó tún bẹ̀ mí, owó ò wọlé. Àárẹ̀ mú èmi náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ padà.

Torí náà, lónìí yìí, mú ọ̀nà kan ṣoṣo tó o máa gbà kọ orúkọ rẹ, kọ ọ́ sí bébà, fi í sẹ́yìn káàdì rẹ, kó o sì máa dà á kọ síbi gbogbo títí kan ìwé iná. Tìẹ rọrùn: オルワダミラレ, àmì méje péré, àpótí wọn á gbà á. Ẹ bá mi wá Gbénga kẹ́ ẹ rí ìyà, ó di Gubenga títí ayé.

Ní ti àṣìṣe tí kò lórúkọ yẹn: oríṣi lẹ́tà méjì ni kọ̀ǹpútà Jàpáànù ní fún ohun kan náà, èyí tó gbòòrò, zenkaku, àti èyí tó tínrín, hankaku. Lójú èèyàn, ア ni ア ń jẹ́. Lójú fọ́ọ̀mù, ọmọ ìyá méjì tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n. Orúkọ sábà máa ń fẹ́ gbígbòòrò, nọ́ńbà fóònù ń fẹ́ tínrín. Àlàfo tó o tẹ̀ sáàárín orúkọ méjì náà gbọ́dọ̀ gbòòrò. Àlàfo o, ohun tí ojú ò rí! Mo ń fi orí mi búra pé ibẹ̀ ni tìẹ ti wọ́.

Lọ fi adírẹ́sì rẹ sílẹ̀ ní shiyakusho, ilé ìjọba ìlú, kí ọjọ́ 14 tó pé lẹ́yìn tó o bá ti wọ ilé. Fún síìmù, wá àwọn tó ń gba owó ní konbini, ṣọ́ọ̀bù kékeré tí kì í tì, wọn ò nílò bánkì. Ọ̀pọ̀ bánkì máa ní kó o lo oṣù mẹ́fà ná, àmọ́ iṣẹ́ lo bá wá, mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ dání, kó o fẹsẹ̀ ara rẹ lọ sí ẹ̀ka wọn. Jù ú sílẹ̀ lórí fóònù. Èèyàn tó jókòó ní káńtà lè wo ojú rẹ, áàpù ò lè wò ó.

AráMọ́kọ́lá

Ẹ ṣé mà. ÀLÀFO NI. Àlàfo tínrín ni mo tẹ̀. Ó ti kọjá ibẹ̀ báyìí. Èmi tí mò ń kọ kóòdù jẹun!

Ẹ̀gbọ́n_Ibaraki

Mo kí ìyá wa. Àbúrò, àwọn kan á sọ fún ẹ pé òǹtẹ̀ ti kógbá wọlé. Òótọ́ wà ńbẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún 2020, Kono Taro tó jẹ́ mínísítà fún àtúnṣe ìṣàkóso nígbà yẹn ní kí àwọn ọ́fíìsì ìjọba jáwọ́ nínú òǹtẹ̀ tí kò nídìí, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù. Àmọ́ èmi, pààtì mọ́tò ni mò ń tà, mò ń ra ògbólógbòó, mò ń tú u, mò ń kó ẹ́ńjìnnì sínú kọ̀ńtéńà. Bí mo bá fẹ́ yí ìwé mọ́tò sí orúkọ mi, òǹtẹ̀ tí mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìjọba ni wọ́n ń bèèrè, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tí kò tíì lé ní oṣù mẹ́ta. Mọ́tò kékeré kei, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, nìkan ni kò ní wàhálà yẹn.

Mẹ́ta ni wọ́n. Mitome-in ni ti ojoojúmọ́, fún ẹni tó gbé ẹrù wá àti fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì. Ginkō-in ni ti bánkì. Jitsuin ni bàbá wọn, òun ni ti mọ́tò, ilẹ̀ àti ilé. Òun ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìjọba. Má fi ọ̀kan ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ọjọ́ tí olè bá gbé e, ó gbé ẹ lọ tán nìyẹn. Èyí tí tàdáwà wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ rọ́bà, wọn kì í gbà á fún bánkì tàbí jitsuin. Ṣọ́ọ̀bù 100 yen ní Tanaka àti Suzuki lórí àtẹ, kò ní Adébáyọ̀, wàá gbẹ́ tìẹ ni. Ní shiyakusho, jẹ́ kí wọ́n kọ katakana orúkọ rẹ sínú ìwé olùgbé, jūminhyō, kó o tó gbẹ́ òǹtẹ̀ katakana, kí wọ́n má bàa dá ẹ padà.

Bí wọ́n ṣe ń lù ú gan-an, akọ̀wé àgbàlagbà kan níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ló kọ́ mi. Ó tẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ sábẹ́ bébà. Ó fi ẹnu òǹtẹ̀ kan tàdáwà pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, bí ẹni ń fi àkàrà kan ata. Ó gbé e lé bébà, ó rọra tẹ̀ ẹ́ yíká láìgbé e kúrò, ó dúró, ó fà á sókè gbọnrangandan. Èmi gbá a mọ́ bébà bíi lọ́ọ̀yà kóòtù. Ó yà bàràbàrà. Ìyá náà ò sọ nǹkan kan, ó kàn mú fọ́ọ̀mù tuntun wá, ó ní kí n tún un kọ láti òkè.

Ohun kan tún wà tí yóò pa ẹ́ lẹ́rìn-ín. Ní àwọn ọ́fíìsì kan, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ owó, òǹtẹ̀ máa ń dọ̀bálẹ̀. Àpótí òǹtẹ̀ tò lórí bébà, ti ọ̀gá wà lápá òsì, àwọn ọmọ iṣẹ́ á wá dẹ tiwọn díẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ ọ̀gá, bí ẹni tẹrí ba. Ọmọ Yorùbá ò lè ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn.

Fax ńkọ́? Má rẹ́rìn-ín. Nígbà Kòrónà lọ́dún 2020, fax ni àwọn dókítà fi ń ròyìn aláìsàn fún ọ́fíìsì ìlera, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó di 2024 kí wọ́n tó pa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo òfin tó ní kí èèyàn fi floppy disk gbé ìwé wá rẹ́, wọ́n sì lé ní 1,000. Bàbá kan tí mò ń ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Tsuchiura ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, fax ló fi ń sọ iye. Mo ní ká máa lo LINE, áàpù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ó ní fóònù máa ń bọ́ lọ́wọ́ òun, bébà kì í bọ́. Mo lọ ra ẹ̀rọ fax.

ỌmọÈkó_Osaka

Hàhàhà. Kí ló yàtọ̀ sí afidáfíìtì àti fótò pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin tá a sá fún nílé? Ìyàtọ̀ kan ṣá ni pé níbí, bó o bá ti kó bébà pé, ó ti parí. Kò sí ẹni tó máa ní kó o “wá rí òun.”

Ohun tí ẹ ò tíì sọ fún un ni iná. Àbúrò, ṣé o kó nǹkan oníná wá láti ilé? Mo gbé bílẹ́ńdà wá láti Èkó, tuntun, inú páálí. Mo ki plọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, ata wà nínú ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí àgbàlagbà tó ń ronú. Mo wo inú ẹ̀, tòmátò kan dúró, ó ń wò mí. Iná 240 ni bílẹ́ńdà yẹn mọ̀, 100 fóòtì ni ti Jàpáànù. Kò jóná, kò sì lọ ata. Ó wà lórí firíìjì mi dòní.

Èyí tó tún burú jù ni pé iná méjì ni orílẹ̀-èdè yìí ní. Tokyo àti apá ìlà oòrùn, 50 hertz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Osaka àti apá ìwọ̀ oòrùn, 60. Láyé ọdún 1890 sí iwájú, Tokyo ra jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ AEG ní Jámánì, Osaka ra tirẹ̀ lọ́wọ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, kálukú ń tẹ́ wáyà lọ títí wọ́n fi pàdé níbi odò Fuji. Wọn ò tún un ṣe títí dòní. Nígbà ìmìtìtì ilẹ̀ 2011 tí iléeṣẹ́ iná Fukushima bàjẹ́, apá ibí ní iná, Tokyo ń wá iná, ẹ̀rọ tó ń yí 60 sí 50 ò sì tó nǹkan, wọ́n ń mú iná àwọn ìlú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ṣe réluwéè tó yára bí afẹ́fẹ́. Ọmọ NEPA ni mí, inú mi fẹ́ẹ̀ dùn nígbà tí mo kà á.

Ìmọ̀ràn mi: máíkírówéfù tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ àlòkù tí wọ́n bá fẹ́ tà fún ẹ, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 50/60Hz, kò sí ewu. Bó bá jẹ́ 60 nìkan, má gbé e lọ sí Saitama. Bílẹ́ńdà, ra tibí. Iyán ńkọ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe mochi, ìyẹn ìrẹsì gígún wọn, ra ọ̀kan. Wọ́n ṣì ní odó àti ọmọ odó fún un, ọdún tuntun ni wàá rí wọn tí wọ́n ń gún un níta, àmọ́ ẹ̀rọ náà ni kó o rà. Ó ń se, ó ń gún. Mo ti fi ṣe iyán nígbà àìmọye.

ÌyáÌbejì_Urawa

Ẹ̀rọ mochi, mo jẹ́rìí sí i. Ẹ ẹ̀ tíì sọ fún un pé ewédú wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì.

Àdùkẹ́_Kobe

Ewédú kẹ̀?!! Níbo? Ọdún méjì rèé tí mo ti ń fi ilá nìkan bára mi.

ÌyáÌbejì_Urawa

Moroheiya ni wọ́n ń pè é, モロヘイヤ, ìgbà ooru ló máa ń jáde, inú ọ̀rá kékeré, níbi tí ẹ̀fọ́ tútù wà. Ewé kan náà ni, kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Nattō wọn náà ní tìẹ, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n jẹ́ kó wú, kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Fọ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, jù ú sínú ọbẹ̀, àlejò ò ní mọ̀. Gàrí àti èlùbọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù hàláàlì Shin-Ōkubo ní Tokyo ni kẹ́ ẹ wò.

Alábòójútó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣí ojú ìwé míì fún ọbẹ̀. Fóònù ọmọ yẹn figbe ta lóru, kò tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Sendai

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àdúrótì. Igbe yẹn, ìkìlọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ni. Ọdún 2007 ni wọ́n ti ń gbé e jáde fún gbogbo ìlú. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ mì, ìgbì méjì ló ń jáde: èyí tó yára kò lágbára, èyí tó ń wó ilé ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ káàkiri ń gbọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n á fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ kí èkejì tó dé. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ máa rí gbà. Bó bá jẹ́ pé abẹ́ yín gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, ìmìtìtì lè ṣáájú igbe. Nítorí náà ẹ má sáré jáde, pàápàá láìwọ ṣòkòtò. Abẹ́ tábìlì ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ bo orí. Gíláàsì àti àwo ara ògiri máa ń já sílẹ̀ níta.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè lórí tẹlifíṣọ̀n, shindo, kì í ṣe magnitude tó ń sọ bí ìmìtìtì náà fúnra rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe mì tó níbi tẹ́ ẹ wà, láti 0 dé 7. Wọ́n tún pín 5 àti 6 sí kékeré àti ńlá. Bó bá wọ 5, gáàsì ilé yín máa pa ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún mi. Lẹ́yìn ìmìtìtì kan báyìí, omi gbígbóná dá, mo rò pé gáàsì ti tán ní gbogbo ìlú, ọjọ́ méjì ni mo fi omi tútù wẹ̀ ní òtútù Sendai. Ìyá arúgbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí mi tí mò ń gbọ̀n, ó fà mí lọ́wọ́ lọ síbi mítà gáàsì tó wà lára ògiri níta. Ó ṣí ìdérí kékeré kan, ó tẹ bọ́tìnnì, iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó na ìka mẹ́ta sí mi: ìṣẹ́jú mẹ́ta. A dúró níbẹ̀, a ò rí ọ̀rọ̀ sọ, torí èdè ò dọ́gba. Iná pupa kú, gáàsì dé. Ẹ lọ wo tiyín lónìí kẹ́ ẹ mọ ibi tó wà. (Bẹ́ ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe iléeṣẹ́ gáàsì.)

Orin ọmọdé tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ láti orí òpó níta nírọ̀lẹ́ ńkọ́? Gbohùngbohùn ìkìlọ̀ ìlú ni wọ́n fi ń dán wò lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ gbà pé wọ́n ní kí àwọn máa lọ sílé ni.

Fún ìròyìn, NHK ní abala Japanese tó rọrùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbólóhùn kúkúrú, wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń pe kanji, lẹ́tà wọn tó díjú, sórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìmìtìtì Kobe ọdún 1995 ni àwọn onímọ̀ èdè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú èdè yẹn, torí àwọn àlejò ò gbọ́ ohun tí ìjọba ń sọ. Ọjọ́ kìíní ọdún 2024 tí ilẹ̀ mì ní Noto, mo wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin tó ń ka ìròyìn ò sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mọ́, ó ń pariwo pé kí wọ́n sá, kí wọ́n má padà sẹ́yìn. Lẹ́tà gàgàrà tí ọmọ kékeré lè kà ló wà lójú rẹ̀: つなみ！にげて！ (“Tsunami! Ẹ sá!”) Lẹ́yìn ikú rẹpẹtẹ 2011 ni wọ́n yí ohùn padà bẹ́ẹ̀. Ara mi bù máṣọ.

ỌmọÈkó_Osaka

NHK tó o dárúkọ yẹn, àbúrò, má ṣílẹ̀kùn fún wọn o.

Ẹ̀gbọ́n_Ibaraki

Má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Bó bá ní tẹlifíṣọ̀n tó ń gba NHK, òfin ní kó sanwó, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti fọwọ́ sí i lóṣù kejìlá 2017. 1,100 yen lóṣù ni láti oṣù kẹwàá 2023, èyí tó bá ní sátẹ́láìtì ló wọ́n jù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ní tẹlifíṣọ̀n, tí kò sì ń lo NHK lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò jẹ wọ́n lówó, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fóònù lásán kò sọ ọ́ di onígbèsè. Ó tiẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń tà tí kò lè gba ìkànnì kankan, íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan, ìyẹn náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará ibí fúnra wọn kórìíra owó náà débi pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò ní ohun míì lẹ́nu ju NHK lọ wọlé sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún 2019.

Olùkọ́_Yokohama

Ẹ jẹ́ kí n fi èdè kún un, torí àǹfààní wa wà ńbẹ̀ tá ò mọ̀. Japanese ń sọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, àwọn òyìnbó kì í gbọ́ ọ. Ìwọ á gbọ́ ọ. Fi àmì tiwa sí i: háshì ni igi tí wọ́n fi ń jẹun, hàshí ni afárá. Ámè ni òjò, àmé ni súìtì. Èmi kì í ra ìwé tó ń kọ́ni ní ìpè wọn, mo kàn ń fi àmì Yorùbá sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé ajákọ mi.

Ìkíni náà, ilé la ti kọ́ ọ. Otsukaresama, “ẹ kú iṣẹ́” ni. Okaeri, “ẹ káàbọ̀.” Gokurōsama náà dà bí “kú iṣẹ́,” àmọ́ àgbà ló ń sọ ọ́ fún ọmọdé, bó o bá sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ, o ti yọ “ẹ” kúrò nínú ẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ní “chotto…” tí wọ́n wá fa ẹ̀mí sínú, rárá ni. Bí wọ́n bá ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò, kentō shimasu, má dúró de lẹ́tà.

ỌmọÈkó_Osaka

Olùkọ́, ní Osaka ọ̀hún, afárá ni háshì. Ìdàkejì ni ti àwa. Kó o mọ̀.

ÌyáÌbejì_Urawa

Èyí tí mo fẹ́ sọ kẹ́yìn, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Bí mo ṣe dé, Bobby Ologun, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Japanese rẹ̀ tó ń ṣẹ́ lọ́nà ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó sì fi là. Mi ò bá a jà, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Àmọ́ ibi gbogbo tí mo bá dé, wọ́n á dúró pé kí n pa àwọn lẹ́rìn-ín. Mo bá lọ kọ́ èdè yìí pẹ̀lú ìbínú.

Àwọn ìbejì mi, Urawa la ti bí wọn. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù kan wo Táíwò lójú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, “Nihongo jōzu desu ne,” o mà gbọ́ Japanese o. Ọmọ náà ní, “Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, sà.” Mo fẹ́ bá a wí, ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè bá a wí. Fótò Hachimura Rui tó ń gbá bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n ló kún ara ògiri wọn, ọmọ Toyama tí bàbá rẹ̀ wá láti orílẹ̀-èdè Benin. Kéhìndé ní orúkọ onítọ̀hún wọ inú kanji, kí ni tiwọn ò ṣe lè wọ̀ ọ́. Mi ò tíì rí èsì fún un.

AráMọ́kọ́lá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, mo dọ̀bálẹ̀. Mo fẹ́ jábọ̀.

Bánkì ti gbà mí. Ìwé iṣẹ́ ni mo mú lọ sí ẹ̀ka wọn, ó gbà mí ní wákàtí méjì àti bébà méje. Bọ́tìnnì gáàsì mi wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ sí NHK pé mi ò ní tẹlifíṣọ̀n, òótọ́ sì ni.

Òǹtẹ̀ mi dé lánàá: アデバヨ, Adébáyọ̀, orúkọ bàbá mi, lóòró, igi dúdú. Mo tẹ́ rọ́bà sábẹ́ bébà bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, mo fi kan tàdáwà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ mi gbọ̀n, ó dẹ̀ sápá òsì. Mo fẹ́ bèèrè fọ́ọ̀mù míì. Obìnrin tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ wò ó, ó wo àpótí ọ̀gá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó dára gan-an.

Ẹ̀gbọ́n Osaka, ẹ̀rọ mochi yẹn, níbo lẹ ti rà á?

ỌmọÈkó_Osaka

Ṣọ́ọ̀bù àlòkù. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó o tó sanwó, 50/60. Má sì tẹ̀ lé omi tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, ti ìrẹsì nìyẹn. Iyán ò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀.